Owó Háítì ọdún 2010: ṣé Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ti Háítì ló yẹ kí a dá lẹ́bi?

Adéwálé_Houston kọ:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin nínú ìjọ kan níbí ní Houston. A ti dá owó díẹ̀ jọ láti fi ran àwọn ará Háítì lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí agbébọn lé kúrò nílé ní Port-au-Prince. Èrò tèmi ni pé kí a fi owó náà ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ti Háítì, ìyẹn Red Cross tiwọn, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n, wọ́n sì mọ ojú ọ̀nà. Bí mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nínú ìpàdé ni bàbá àgbàlagbà kan dìde, tí wọ́n ní ṣé a ti gbàgbé pé Red Cross gba ìdajì bílíọ̀nù dọ́là lórúkọ Háítì lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2010, tó sì jẹ́ pé ilé mẹ́fà péré ni wọ́n rí kọ́. Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ là mí lóye: ṣé òótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ta ló ṣe é, ṣé àwọn ará Háítì fúnra wọn ni àbí ẹlòmíràn?

Ọ̀rọ̀Ò_Pariwo kọ:

Gbogbo wọn ló jẹ ẹ́. Ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Ẹ fi owó yín ra ìrẹsì, kí ẹ wá ọmọ Háítì tí ẹ mọ̀ ní Houston, kí ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Káyọ̀dé_Oníṣirò kọ:

Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé, òótọ́ wà nínú ohun tí bàbá yẹn sọ, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn náà kàn kọ́ ló jẹ̀bi rẹ̀. Red Cross kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kàn ní ẹ̀ka káàkiri ayé. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ẹyọ kan péré sì ni òfin wọn gbà láyè ní orílẹ̀-èdè kan, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tirẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ àti àpò owó tirẹ̀. Àjọ Àpapọ̀ tó wà ní Geneva ló so àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí pọ̀. Ìgbìmọ̀ Àgbáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1863, tún wà lọ́tọ̀, ọ̀ràn ogun àti ìjà ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà ló gba owó tí wọ́n ń sọ yẹn. Nǹkan bí mílíọ̀nù 488 dọ́là ni wọ́n rí gbà fún Háítì. Ó lé ní mílíọ̀nù 30 nínú rẹ̀ tó wá láti ọwọ́ àwọn tó kàn tẹ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ lórí fóònù, tí wọ́n sì fi dọ́là 10 kún owó fóònù wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn akọ̀ròyìn ProPublica àti ti NPR gbé ìwádìí jáde, wọ́n ní ilé mẹ́fà péré ni ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà náà kọ́ tó jẹ́ ilé tí ènìyàn lè máa gbé títí. Ní àdúgbò Campêche ní Port-au-Prince, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ló wà nínú ètò tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ẹyọ kan kò sì dúró níbẹ̀ nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn débẹ̀. Ẹgbẹ́ náà dá wọn lóhùn pé àwọn rí ibùgbé fún àwọn ènìyàn tó lé ní 130,000. Ẹni tó bá yẹ èsì náà wò dáadáa yóò rí i pé wọ́n ka ilé onípákó ìgbà díẹ̀, ilé tí wọ́n tún ṣe àti owó ilé tí wọ́n bá àwọn ènìyàn san mọ́ ọn. Ní 2016, Sẹ́nétọ̀ Charles Grassley ti Amẹ́ríkà tún gbé àbọ̀ ìwádìí tirẹ̀ síta, ó ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà ni ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà ná sí ọ̀ràn inú ilé tirẹ̀.

N kò ní fi gbogbo ẹ̀bi náà sórí olè o. Ọ̀ràn ilẹ̀ ló kọ́kọ́ dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Mówe tàbí ní Ìkòròdú yóò tètè mọ ohun tí mò ń sọ: ẹni mẹ́ta lè mú ìwé mẹ́ta jáde lórí ilẹ̀ kan náà. Ní Port-au-Prince, ọ̀pọ̀ ilé ìjọba tó yẹ kí ìwé wà nínú rẹ̀ ti wó lulẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni pé owó náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà á yọ owó ìṣàkóso tirẹ̀, á gbé ìyókù fún ẹgbẹ́ mìíràn kí ó bá a ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ kejì náà á sì yọ tirẹ̀. Àwọn òyìnbó tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní owó oṣù ńlá kò gbọ́ Kreyòl, èdè àwọn ará Háítì, ó sì di dandan kí wọ́n wá ògbufọ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà ló ń pinnu ibi tí owó náà ń lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bi Ẹgbẹ́ Háítì léèrè owó tí kì í ṣe òun ló pàṣẹ lé lórí.

Ọ̀rọ̀Ò_Pariwo kọ:

Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé. Àmọ́ orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, àmì kan náà ló wà lára aṣọ wọn. Bí wọ́n bá ń gba owó, wọ́n á ní ọmọ ìyá ni àwọn, bí ẹ̀sùn bá wá dé, kálukú á sá sí yàrá tirẹ̀. Kí ni Ẹgbẹ́ Háítì gan-an ṣe rí tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí?

Olùkọ́_Ìtàn_Ìkìrun kọ:

Ìbéèrè gidi ni èyí, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1932 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ti Háítì sílẹ̀, nígbà tí Sténio Vincent jẹ́ ààrẹ. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó gba ilẹ̀ náà ní 1915 ṣì wà níbẹ̀ nígbà yẹn, 1934 ni wọ́n tó kó ẹrù wọn. Ní 1935 ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù lágbàáyé gbà á wọlé. Ó ṣe pàtàkì kí a mọ èyí, nítorí àwọn kan rò pé ìmìtìtì ilẹ̀ 2010 ló bí i. Ẹgbẹ́ náà ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún nígbà tí ilẹ̀ mì, ó sì ti la ìjọba Duvalier bàbá àti ọmọ kọjá, láti 1957 títí di 1986.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wà ní àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò. Háítì pín sí ẹkùn 10, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà wà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké sì wà lábẹ́ wọn ní ìlú àti abúlé. Àwọn olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, aránṣọ àti àgbẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó oṣù ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjì Jeanne da omi bo ìlú Gonaïves ní 2004, tí nǹkan bí 3,000 ènìyàn kú, àwọn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ wà nínú ẹrẹ̀. Ní 2008, ìjì mẹ́rin tẹ̀ léra wọn láàárín oṣù kan: Fay, Gustav, Hanna àti Ike. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2016, ìjì Matthew kọlu gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, ó sì ká òrùlé ìlú Jérémie kúrò. Gbogbo ìgbà tí ìjì bá ń bọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri etíkun, tí wọ́n ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè. Iṣẹ́ tí kámẹ́rà kì í rí ni. Ẹni tí omi kò gbé lọ kì í sí nínú ìròyìn.

Ọmọ_Flatbush kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa. Brooklyn ni mo ń gbé, ìyá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó wá láti Léogâne. Ìlú yẹn ló sún mọ́ ojú ibi tí ìmìtìtì ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ jù lọ, ìdá àwọn ilé tó wó níbẹ̀ sì pọ̀ ju ti Port-au-Prince lọ. Wọ́n sọ fún mi pé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kìíní, bí aago márùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, títí di ọjọ́ kejì, àwọn kò rí òyìnbó kankan. Ọmọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè ẹgbẹ́ náà ló yọ wọ́n lábẹ́ bíríkì pẹ̀lú àwọn aládùúgbò. Ó fa aṣọ ibùsùn ya, ó fi igi méjì gbá ẹsẹ̀ wọn mú. Ó so ọ̀já mọ́ itan ọmọ wọn kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó sì fi báírò kọ aago tó so ó sí iwájú orí ọmọ náà, kí dókítà tó bá rí i mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó tú u. Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi gbé ọmọ náà lọ. Ọmọkùnrin yẹn kò tíì mọ ibi tí ìyá tirẹ̀ wà nígbà tó ń ṣe gbogbo èyí.

Ní olú-ìlú, ilé àpapọ̀ ẹgbẹ́ náà bàjẹ́. Dókítà Michaèle Amédée Gédéon tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ nígbà náà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣètò iṣẹ́ nígbà tí àwọn fúnra wọn ń sin òkú. Ìdí nìyí tí inú mi kì í dùn bí ẹnikẹ́ni bá ń da àwọn wọ̀nyí mọ́ àwọn tó ń gba owó oṣù ńlá ní Washington.

Ìyá_Nọ́ọ̀sì kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àlàyé. Iṣẹ́ tí mo fi ìgbésí ayé mi ṣe ni ìfẹ̀jẹ̀pamọ́, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà á, nítorí nínú ọ̀ràn Háítì, Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa àti ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba ilẹ̀ náà fi gbígba ẹ̀jẹ̀, yíyẹ̀ ẹ́ wò àti pípín in sí ilé ìwòsàn lé ẹgbẹ́ yìí lọ́wọ́.

Kí ẹ tó mọ bí iṣẹ́ náà ti le tó, ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Hemo-Caribbean wà ní Port-au-Prince. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn tálákà fún owó táṣẹ́rẹ́, ó ń yọ omi inú rẹ̀ tí à ń pè ní plasma, ó sì ń kó o lọ tà ní Amẹ́ríkà. Luckner Cambronne, tó jẹ́ alágbára nínú ìjọba Duvalier, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ òwò náà jù lọ, èyí ló fà á tí wọ́n fi ń pè é ní afẹ̀jẹ̀mu Kàríbíánì. Ìròyìn tú u fó ní 1972, òwò náà sì dáwọ́ dúró. Àmọ́ ẹ rò ó wò: bí wọ́n bá ti ta ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ rí, ṣé wàá na apá rẹ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá gbé abẹ́rẹ́ dé?

Ìbẹ̀rù yìí ni àwọn tó ń wá ẹ̀jẹ̀ bá níwájú wọn. Nígbà tí ọ̀rúndún yìí bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ará ilé aláìsàn nìkan ló ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nílé níbí ní Nàìjíríà pẹ̀lú: ọkọ aláboyún á máa sáré kiri ilé ìwòsàn, á máa bẹ ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fi ipá wá báyìí léwu, torí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lè fi àrùn pamọ́. Láti 2004 lọ, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà lórí ọ̀ràn HIV, ìjọba àti ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sínú ẹgbẹ́ afẹ̀jẹ̀tọrẹ. Nígbà tí ó fi máa di 2009, àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láti inú ọkàn wá ti pọ̀ ju àwọn ará ilé lọ. Ẹni tí kò bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ irú làálàá tó wà nínú ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò fún HIV, fún àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi méjì àti fún rẹ́kórẹ́kó, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì tí inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 6 ti Celsius. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, bí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó, dídànù ni.

Oṣù kìíní 2010 dé, ilé tí wọ́n ti ń ṣe gbogbo èyí sì bàjẹ́ gidigidi, ní ọ̀sẹ̀ gan-an tí àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn nílò ẹ̀jẹ̀ jù lọ. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ wò kí n tó wo ọ̀ràn ilé mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀Ò_Pariwo kọ:

Ìyá wa, ẹ ṣeun púpọ̀. N kò jiyàn lórí ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ àwọn àjèjì tó wá ran Háítì lọ́wọ́ náà ló kó onígbáméjì wọ ibẹ̀. Ta ló ku kí a gbẹ́kẹ̀ lé?

Fọláṣadé_Olùyọ̀ǹda kọ:

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé àwọn àjèjì ló kó o wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ tí a ń sọ yìí. Àwọn ọmọ ogun Nepal tó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni. Ìgbẹ́ láti àgọ́ wọn nítòsí Mirebalais wọ odò tó ń ṣàn lọ sínú Artibonite, odò tí àwọn ènìyàn ń mu, tí wọ́n sì fi ń bomi rin oko ìrẹsì. Ní oṣù kẹwàá 2010 ni òkú bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó lé ní 800,000 ènìyàn tó kó àrùn náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 tó pa. Títí di oṣù kejìlá 2016 ni wọ́n fi ń yí ọ̀rọ̀ náà po kí Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà Àjọ náà nígbà yẹn, tó tọrọ àforíjì.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọmọ Háítì ṣe ní ti wọn. Onígbáméjì kì í sábà pa ènìyàn bí omi àti iyọ̀ bá tètè padà sí ara rẹ̀. Nítorí náà, àwọn olùyọ̀ǹda gbé tábìlì kalẹ̀ lábẹ́ tapólì ní àwọn ibi tí ilé ìwòsàn jìnnà sí, wọ́n sì ń po ohun tí wọ́n ń pè ní sewòm: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Wọ́n ń pín oògùn tí a fi ń fọ omi, wọ́n sì ń dúró ti ìyá ọmọ títí yóò fi po tirẹ̀ lójú wọn. Ẹgbẹ́ náà tún bá ilé-iṣẹ́ fóònù Voilà ṣe ètò kan tó ń jẹ́ kí ìkìlọ̀ dé orí fóònù gbogbo ẹni tó bá wà ní àdúgbò kan pàtó. Wọ́n ní ètò orí rédíò pẹ̀lú, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń pè wọlé láti béèrè ohun tí ó bá ń dà wọ́n láàmú.

Ẹ má fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ sísọ yẹn. Ní ìparí ọdún náà, àwọn ènìyàn ń pa àwọn abọ̀rìṣà Vodou, wọ́n ní àwọn ló fi oògùn da àrùn náà sílẹ̀. Ó kéré tán, 40 ènìyàn ló kú báyìí. Nínú àwọn tí wọ́n pa ni ó ṣeé ṣe kí a rí àwọn tó ń bọ Ogou, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní ti ìdílé Nago. Gbogbo wa níbí la mọ ibi tí Ògún àti Nàgó ti wá.

Alábòójútó kọ:

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ Ògún dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ìbéèrè Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé.

Ọ̀rọ̀Ò_Pariwo kọ:

Kò burú. Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn nìyí. Agbébọn ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú Port-au-Prince báyìí. Bí ọkọ̀ ẹgbẹ́ yìí bá ń wọ àdúgbò wọn tó sì ń jáde láìfarapa, a jẹ́ pé wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀. Ṣé owó ìjọ wa kò ní di owó ìbọn?

Fọláṣadé_Olùyọ̀ǹda kọ:

Wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Mo ti wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ tiwa nílé ní Nàìjíríà fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn èyí tí òfin dá sílẹ̀ ní 1960, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé a kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, a kì í sì í béèrè ohun tí ẹni tó farapa ṣe kí ọta tó bà á. Gbogbo ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa lágbàáyé ló wà lábẹ́ ìlànà méje tí wọ́n fọwọ́ sí ní Vienna ní 1965, èyí sì wà nínú rẹ̀. Bíbá agbébọn sọ̀rọ̀ kí ó jẹ́ kí aboyún kọjá yàtọ̀ sí fífún un lówó.

Ní Cité Soleil, àdúgbò àwọn tálákà kan ní Port-au-Prince, iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Láti ìgbà rògbòdìyàn 2004 ni àwọn olùyọ̀ǹda Ẹgbẹ́ Háítì, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Ìgbìmọ̀ Àgbáyé láti Geneva, ti ń gbé àwọn tí ìbọn bà jáde kúrò nínú àwọn ọ̀nà tóóró tí mọ́tò kò lè wọ̀, tí wọ́n á gbé wọn lórí ibùsùn àgbéléjìká títí dé ibi tí ọkọ̀ dúró sí. Ọmọ àdúgbò náà ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tó ń dáàbò bò wọ́n kò ju pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ìbọn bá ba àwọn náà, àwọn wọ̀nyí ni yóò wá gbé wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le fún mi ni ibòmíràn. Òfin sọ pé ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ igbákejì ìjọba nínú iṣẹ́ àánú, ó ń ran ìjọba lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba wo wá ni ti Háítì? Wọ́n pa Ààrẹ Jovenel Moïse ní oṣù keje 2021. Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìmìtìtì ilẹ̀ mìíràn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.2, pa ènìyàn tó lé ní 2,200 ní gúúsù, níbi tí ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ kò ti lè tètè dé nítorí pé agbébọn ti dí ọ̀nà Martissant, tí wọ́n ń gbà láti olú-ìlú lọ sí gúúsù. Ní oṣù kìíní 2023, sáà àwọn sẹ́nétọ̀ 10 tó kù parí, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ìlú dìbò yàn tó kù nípò mọ́. Nígbà tí ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù kejì 2024, pápákọ̀ òfurufú tì fún oṣù bíi mélòó kan, ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi jù lọ ní olú-ìlú sì dá iṣẹ́ dúró. Nígbà tí 2025 wọlé, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí wọ́n ti sá kúrò nílé wọn. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ igbákejì wá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀gá tí kò sí níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ igbákejì. Òun ló ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ owó ìbọn lọ.

Adéwálé_Houston kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọkàn mi ti balẹ̀ lórí ẹni tí a fẹ́ fún. Ó ku ọ̀nà tí owó náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣé tààrà ni kí a fi ránṣẹ́?

Káyọ̀dé_Oníṣirò kọ:

Ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní wàhálà tirẹ̀. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ tààrà sí Ẹgbẹ́ Háítì, àwọn ọmọ ìjọ yín kò ní lè yọ ọ́ kúrò nínú owó orí tí wọ́n ń san fún ìjọba Amẹ́ríkà, nítorí pé òfin owó orí ibẹ̀ kò ka ọrẹ tí ẹnìkọ̀ọ̀kan fún ẹgbẹ́ òkèèrè sí. Ilé ìfowópamọ́ ní Port-au-Prince náà sì máa ń tilẹ̀kùn nígbà tí ìbọn bá ń dún. Bí ẹ bá gbà á ti ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, ìyọkúrò owó orí wà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Háítì ni owó náà wà fún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò wọ àpò gbogboogbò.

Àjọ Àpapọ̀ ní Geneva wà láàárín méjèèjì. Bí àjálù bá ṣẹlẹ̀, ó máa ń ṣí ìpè fún ìrànlọ́wọ́ lórúkọ orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹlẹ̀ sí, ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, àbọ̀ ìnáwó sì máa ń jáde síta tí ẹnikẹ́ni lè kà. Wọ́n tún ní àpò pàjáwìrì kan láti 1985 tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè lè fa owó yọ nínú rẹ̀ kíákíá, kí ìròyìn tó gbé e káàkiri ayé. Èmi fara mọ́ ọ̀nà yìí fún ìjọ tí kò ní ẹni tó lè máa bá Port-au-Prince sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ béèrè fún àbọ̀ ìnáwó, kí ẹ sì béèrè ìdá tí yóò dúró lọ́wọ́ ẹni àárín. Bí wọn kò bá lè dáhùn ìbéèrè kejì yẹn ní gbólóhùn kan, ẹ mú owó yín lọ síbòmíràn.

Ọ̀rọ̀Ò_Pariwo kọ:

Lórí ìyẹn, mo wà pẹ̀lú yín. Àmọ́ n kò tíì gbà lórí ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà o, kí ẹ má sọ pé n kò sọ ọ́.

Ọmọ_Flatbush kọ:

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ wọn ka gbogbo ohun tí a kọ síbí, mo bá wọn túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bí ìjọ bá ń wá iṣẹ́ kan pàtó, kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àgbéléwòsàn, ìyẹn ambulance, lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Háítì. Wọ́n ní ìbátan àwọn kan ní Port-au-Prince pè é lóru, ọkọ̀ wà, awakọ̀ wà, epo ni kò sí.

Adéwálé_Houston kọ:

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. N óò gbé e lọ sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú báyìí: ìpè Àjọ Àpapọ̀ fún Háítì ni a ó gbà á, a ó kọ lẹ́tà mọ́ ọn láti béèrè bóyá wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ àgbéléwòsàn tàbí fún ẹ̀jẹ̀, a ó sì béèrè ìdá tí ẹni àárín yóò mú. Bàbá tó dìde nípàdé yẹn ni n óò bẹ̀ pé kí ó jẹ́ ẹni tí yóò máa ka àbọ̀ ìnáwó náà fún ìjọ.

Ìyá_Nọ́ọ̀sì kọ:

Bó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, ẹ má kàn kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó wọ́n wọn jù lọ́wọ́lọ́wọ́, ṣé àpò ìfẹ̀jẹ̀sí ni, ṣé ohun èlò àyẹ̀wò ni, àbí epo jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé fíríìjì. Nígbà tèmi lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó kẹ́yìn yẹn ni a kì í sábà rí olùrànlọ́wọ́ tó fẹ́ san án.